Èríàlì Lúùpù: Kí A Tó Náwó Sí Rédíò Ọmọ Wa

Bí a ṣe ń ṣọ́ owó ná la máa ń sọ lójú ìwé yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa owó tí òbí lè ná bí ọmọ bá ní òun fẹ́ máa fi rédíò ṣe iṣẹ́ ọwọ́dilẹ̀, èyí tí òyìnbó ń pè ní ham radio. Ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀: ìmọ̀ iná mànàmáná, ìṣirò àti sùúrù. Ṣùgbọ́n owó èríàlì lè gbé òbí lọ lásán.

Nínú àwọn ìgbì tí òfin fún àwọn oníham, méjì ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti 135.7 dé 137.8 kHz, tí àpérò àgbáyé fọwọ́ sí lọ́dún 2007. Èkejì bẹ̀rẹ̀ láti 472 dé 479 kHz, tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2012. Gígùn ìgbì kìíní tó nǹkan bíi mítà 2,200, ti èkejì tó 630. Èríàlì tó bá gùn tó ìdá kan nínú mẹ́rin mítà 630 á ju mítà 150 lọ. Ta ló ní irú àyè bẹ́ẹ̀ lẹ́yìnkùlé?

Ibí ni ìṣirò wa ti wọlé. Oníṣòwò mọ̀ pé iye tí òun pa lọ́jà kọ́ ni èrè. Ohun tó kù lẹ́yìn ìnáwó ni èrè. Lórí ìgbì yìí, ìró tí a ń wá ni owó tó wọlé, ariwo sì ni ìnáwó. Ariwo ibẹ̀ pọ̀. Àrá tó ń sán nílẹ̀ olóoru, títí kan Áfíríkà tiwa, máa ń rán ariwo tirẹ̀ dé Yúróòpù lóru. Ṣájà fóònù, gílóòbù LED àti tẹlifíṣọ̀n aládùúgbò ń dá kún un. Bí èríàlì bá tóbi sí i, ìró á pọ̀, ariwo náà á pọ̀. Èrè kò lé.

Èríàlì lúùpù, ìyẹn wáyà tí a wé yíká igi, kéré, ìró díẹ̀ ló sì ń mú. Ṣùgbọ́n rédíò lè gbé ìró díẹ̀ náà ga. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ohun tó ń bọ̀ láti apá tí àárín rẹ̀ kọjú sí. Ẹ kọjú àárín náà sí ibi tí ariwo ti ń wá, ìnáwó á dín kù. Àwọn àgbà ní bí a gúnyán nínú ewé, tí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó á yó.

Fún 472 kHz, ẹ fi igi méjì ṣe àgbélébùú, kí igun kan sí èkejì jẹ́ mítà kan. Ẹ wé wáyà tí rọ́bà bò yí i ká nígbà 10. Nǹkan bíi mítà 40 ló máa gbà. Ẹ so kàpásítọ̀ tó ń yí, tó tó 500 pF, irú èyí tó wà nínú rédíò àtijọ́, mọ́ orí wáyà méjèèjì. Ẹ wé wáyà mìíràn lọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, èyí ni kí ẹ so mọ́ rédíò. Ẹ yí kàpásítọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ìró á fi ga lójijì. Bí kò bá ga, ẹ fi ìyípo kan kún un tàbí kí ẹ yọ ọ̀kan.

Rédíò gan-an ni kí ẹ náwó sí. Rédíò inú ilé lásán kì í sábà dé 472 kHz, bẹ́ẹ̀ ni kóòdù Morse àti ìró tí kọ̀ǹpútà ń túmọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹ bi ọlọ́jà dáadáa kí ẹ tó sanwó.

Gbígbọ́ nìkan la ń sọ o. Ẹni tó bá fẹ́ ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ yege ìdánwò, kó sì gba ìwé àṣẹ Ofcom. Bí a bá fi irú lúùpù kékeré báyìí ránṣẹ́, ooru lásán ni ọ̀pọ̀ agbára náà máa dà, iná orí kàpásítọ̀ sì lè di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé dán an wò.

Kí owó wa má bọ́ sómi o. Àṣẹ.