Ìdáàbòbò alágbègbè nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n

Ìdáàbòbò alágbègbè jẹ́ ọgbọ́n ìṣeré kan nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, nínú èyí tí agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ti ń ṣọ́ apá kan pápá dípò kí ó máa tẹ̀lé alátakò kan ṣoṣo káàkiri. Ó yàtọ̀ sí ìdáàbòbò ẹni-sí-ẹni, níbi tí olúkúlùkù ti ní alátakò tirẹ̀. Ẹgbẹ́ tí agbára rẹ̀ kò tó ti alátakò sábà máa ń lò ó.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Òǹkà ni a fi ń dárúkọ àwọn ìtò rẹ̀, láti iwájú wá sí ìdí àwọ̀n. Nínú ìtò 2-3, agbábọ́ọ̀lù méjì wà níwájú, mẹ́ta sì wà nítòsí àwọ̀n. Ìtò 3-2 àti 1-3-1 náà wọ́pọ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ti ń kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan sí ẹlòmíràn, àwọn márààrún yóò jọ sún sí ìhà ibẹ̀.

Àǹfààní fún ẹgbẹ́ aláìlágbára

Nínú ìdáàbòbò ẹni-sí-ẹni, bí alátakò bá yára ju ẹni tí ń ṣọ́ ọ lọ, ọ̀nà àwọ̀n ti là fún un. Nínú ti alágbègbè, ẹni tí ó bá kọjá ẹnì kan yóò tún bá ẹlòmíràn pàdé. Agbábọ́ọ̀lù tí ó ga ṣùgbọ́n tí kò yára lè dúró sí ìdí àwọ̀n. Ó tún ń fipá mú alátakò láti máa ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, bẹ́ẹ̀ ni irú ìjùsáwọ̀n bẹ́ẹ̀ kì í wọlé bákan náà lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ tí kò bá wọlé, ẹni tí a fojú kéré lè borí.

Àpẹẹrẹ: Púẹ́rtò Ríkò, ọdún 2004

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 2004, ní ìdíje Òlíḿpíìkì ìlú Athens, Púẹ́rtò Ríkò na Amẹ́ríkà ní 92 sí 73. Tim Duncan, Allen Iverson àti LeBron James wà nínú ikọ̀ Amẹ́ríkà. Púẹ́rtò Ríkò dí ìdí àwọ̀n pa, wọ́n sì fi òkèèrè sílẹ̀ fún alátakò. Nínú ìjùsáwọ̀n alámì-ayò mẹ́ta 24 tí Amẹ́ríkà gbìyànjú, 3 péré ló wọlé. Ṣùgbọ́n ìdáàbòbò nìkan kọ́ ló ṣe é: Carlos Arroyo gba àmì-ayò 24 wọlé fún Púẹ́rtò Ríkò. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Amẹ́ríkà fìdí rẹmi ní Òlíḿpíìkì láti ìgbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù NBA ti ń ṣojú fún un, láti ọdún 1992.

Àléébù

Ẹgbẹ́ tí ó mọ bọ́ọ̀lù jù láti òkèèrè lè fọ́ ọ yángá, pàápàá láti igun pápá. Bí bọ́ọ̀lù bá ta padà lára irin àwọ̀n, ó ṣòro láti mọ alátakò tí olúkúlùkù yóò dí lọ́nà. Ẹgbẹ́ tí ó sì bọ́ sẹ́yìn nígbà tí àkókò ti ń tán lọ kì í rí èrè púpọ̀ nínú rẹ̀, nítorí pé alátakò lè máa fi sùúrù pín bọ́ọ̀lù láàárín ara wọn.

Òfin

NBA fòfin de ìdáàbòbò yìí títí di sáà 2001–02. Láti ìgbà náà, agbábọ́ọ̀lù tí kò bá ṣọ́ ẹnikẹ́ni tímọ́tímọ́ kò gbọ́dọ̀ dúró sí abẹ́ àwọ̀n ju ìṣẹ́jú-àáyá 3 lọ. Òfin FIBA kò ní irú ìdíwọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ń dáàbò bò. Ní Jàpáàn, a kò gbà á láyè nínú ìdíje àwọn ọmọdé, kí wọ́n lè kọ́kọ́ mọ bí a ti ń ṣọ́ alátakò lójúkojú.