Hepatitis: Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ bóyá ẹ̀rọ tó ń ka iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ ṣeé gbẹ́kẹ̀lé?

Tí èsì àyẹ̀wò bá fi hàn pé èèyàn ní hepatitis B, ìbéèrè tó kàn ni pé: báwo ni kòkòrò àrùn náà ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀?

Ìdáhùn rẹ̀ wà lára ohun tí dókítà máa ń wò kó tó mọ̀ bóyá onítọ̀hún nílò oògùn, àbí kó ṣì máa wá fún àyẹ̀wò lóòrèkóòrè.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní mílíọ̀nù 254 èèyàn ló ní hepatitis B lọ́dún 2022, tí mílíọ̀nù 50 sì ní hepatitis C. Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè mẹ́wàá tó kó nǹkan bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn. Tí kò bá sí ìtọ́jú, àrùn náà lè di jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀.

Kí ni ẹ̀rọ yìí ń ṣe?

Àyẹ̀wò kíákíá tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sórí ike pẹlẹbẹ kàn ń sọ bóyá àrùn wà ni. Kò lè ka iye kòkòrò.

Ilé àyẹ̀wò ńlá ni wọ́n ti sábà máa ń kà á, èsì sì lè pẹ́ kó tó dé. Aláìsàn tó bá ti lọ sílé lè má padà wá mọ́.

Àmọ́ ẹ̀rọ GeneXpert, tí wọ́n ti ń lò fún àyẹ̀wò ikọ́ ife ní Nàìjíríà, lè ka kòkòrò hepatitis B àti C ní nǹkan bíi wákàtí kan.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dán an wò?

Àwọn olùwádìí á pín ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan náà sí méjì. Wọ́n á yẹ apá kan wò lórí ẹ̀rọ kékeré, wọ́n á yẹ èkejì wò ní ilé àyẹ̀wò ńlá, wọ́n á wá fi èsì méjèèjì wéra.

Kò pọn dandan kí òǹkà méjèèjì bára mu régí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ìtòsí ààlà tí wọ́n fi ń pinnu ìtọ́jú.

Bí àpẹẹrẹ, ìlànà WHO ní kí aboyún tí kòkòrò hepatitis B inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tó 200,000 IU nínú mílílítà kan lo oògùn tenofovir, kó má baà kó o ran ọmọ.

Tí ilé àyẹ̀wò bá ka mílíọ̀nù márùn-ún, tí ẹ̀rọ ka mílíọ̀nù mẹ́ta, ìyá yóò gba oògùn náà ni. Àmọ́ tí ilé àyẹ̀wò bá ka 250,000, tí ẹ̀rọ ka 150,000, wọ́n lè ní kó máa lọ sílé láìgba oògùn tó yẹ kó dáàbò bo ọmọ rẹ̀.

Wọ́n tún gbọ́dọ̀ dán an wò ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, níbi tí iná mànàmáná ti ń ṣe ségesège, tí ooru mú, tó sì jẹ́ pé nọ́ọ̀sì ni yóò lò ó.

Tí ẹ̀rọ kò bá sí ńkọ́?

WHO ní níbi tí kò bá ti sí àyẹ̀wò yìí, wọ́n lè fún gbogbo aboyún tó ní hepatitis B ní oògùn náà. Ọmọ sì gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bí i.

Ní ti hepatitis C, oògùn ń wo èyí tó lé ní ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lò ó sàn. Àyẹ̀wò yìí kan náà ni wọ́n fi ń mọ̀ pé kòkòrò ti tán nínú ẹ̀jẹ̀.