Ọgbọ́n táwọn afinimọ̀nà fi ń rí kìnnìún nínú igbó Kruger

Kì í ṣe oríire lásán ló ń mú kí àlejò tó wọ igbó Kruger lórílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà láàárọ̀ fojú kan kìnnìún kí oòrùn tó mú. Ilẹ̀ igbó náà lé ní 19,000 kìlómítà níbùú lóòró, ó tóbi ju gbogbo ìpínlẹ̀ Ògùn lọ. Ọdún 1898 ni ìjọba Transvaal, lábẹ́ Ààrẹ Paul Kruger, ya apá kan níbẹ̀ sọ́tọ̀ fáwọn ẹranko, ó sì di ọgbà ẹranko ìjọba lọ́dún 1926. Ẹni tó bá ń wa mọ́tò kiri inú rẹ̀ láìmọ ohun tó yẹ kó wò lè fi odidi ọjọ́ kan rí ìgalà nìkan.

Ẹranko márùn-ún làwọn àlejò máa ń béèrè jù: kìnnìún, àmọ̀tẹ́kùn, erin, ẹfọ̀n àti àgbáńréré. Kì í ṣe títóbi ni wọ́n fi kó wọn pọ̀, ṣebí àgùnfọn ga ju ẹfọ̀n lọ. Àwọn ọdẹ ayé àtijọ́ ló kó wọn jọ, nítorí àwọn ló léwu jù fún ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn lọ bá wọn.

Ilẹ̀ ni afinimọ̀nà kọ́kọ́ ń wò. Láwọn igbó aládàáni tó bá Kruger pààlà, atọpasẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ ọmọ Tsonga, ń jókòó sórí àga kan níwájú ọkọ̀ gan-an, ojú rẹ̀ kì í kúrò lórí yanrìn. Bí erin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, etí ipasẹ̀ rẹ̀ á ṣì dá ṣáká. Bí kòkòrò òru bá ti rìn lórí ipasẹ̀ ọ̀hún, a jẹ́ pé erin náà ti lọ kílẹ̀ tó mọ́. Wọ́n tún ń fọwọ́ kan ìgbẹ́ erin láti mọ̀ bóyá ó ṣì gbóná. Ògbójú ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá kò níí ka èyí sí nǹkan tuntun.

Lẹ́yìn ojú, etí ló kàn. Bí ọ̀bọ bá ń gbó lórí igi, tí gbogbo ìgalà kọjú síbì kan náà, ó ṣeé ṣe kí àmọ̀tẹ́kùn wà nítòsí. Bí igún bá pọ̀ lórí igi tí wọn kò sọ̀ kalẹ̀, òkú ẹran wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó pa á lè ṣì wà nídìí rẹ̀.

Kìnnìún kì í sábà ka èrò inú ọkọ̀ sí èèyàn, ọkọ̀ náà lódindi ló ń rí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má dìde. Ẹni tó bá sì ń fẹsẹ̀ rìn kò gbọdọ̀ sáré, nítorí ohun tó bá ń sá ni kìnnìún ń lé. Lóṣù kẹjọ ọdún 1903, aṣọ́gbó kan, Harry Wolhuter, ń gun ẹṣin bọ̀ nígbà tí kìnnìún gbé e léjìká, tó ń wọ́ ọ lọ. Ọ̀bẹ tó wà nídìí rẹ̀ ló fi gún ẹranko náà pa. Ó gun igi, ó so ara rẹ̀ mọ́ ọn, ajá rẹ̀ sì ń gbó mọ́ kìnnìún kejì nísàlẹ̀ títí tí ìrànlọ́wọ́ fi dé.

Àgbáńréré nìkan ni afinimọ̀nà ń rí tí kì í sọ. Bí wọ́n bá rí kìnnìún, wọ́n á fi rédíò pe ara wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í dárúkọ ibi tí àgbáńréré wà, wọ́n sì ń bẹ àlejò pé kó má kọ orúkọ ibẹ̀ sábẹ́ fọ́tò tó bá fẹ́ gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún 2014 nìkan, àwọn adọdẹ̀ lọ́nà àìtọ́ pa 1,215 àgbáńréré ní Gúúsù Áfíríkà, Kruger ló sì fara gbá èyí tó pọ̀ jù. Ìwo rẹ̀ ni wọ́n ń wá, èyí tí wọ́n ń tà fáwọn ará Vietnam àti China bí oògùn, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà nínú èékánná èèyàn náà ló wà nínú rẹ̀.

Àwọn aláṣẹ ti wá ń gé ìwo ọ̀pọ̀ nínú wọn kí adọdẹ̀ má baà rí nǹkan mú. Àlejò tó ti rin ọ̀nà jíjìn wá lè bá àgbáńréré aláìníwo pàdé, kó máa ráhùn pé fọ́tò òun kò dára. Afinimọ̀nà á wá ṣàlàyé fún un pé ìwo náà ń hù padà, àti pé bó bá ti hù, wọ́n á tún gé e.