Ẹ̀rọ Àfisára fún Àìsàn Ìdádúró Èémí Lójú Oorun

Nínú àìsàn yìí, ahọ́n àti ẹran ọ̀fun a máa dẹ̀ lójú oorun, wọn a sì dí ọ̀nà èémí lọ́pọ̀ ìgbà lóru. Aláìsàn a máa hanrun, a sì máa tòògbé lọ́sàn-án. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè dá kún ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì lè fa ìjàǹbá ọkọ̀.

Báwo ni ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́?

Oníṣẹ́ abẹ a fi ẹ̀rọ kékeré sí abẹ́ awọ àyà. Wáyà rẹ̀ lọ sí iṣan tí ọpọlọ fi ń darí ahọ́n. Aláìsàn a tan án kí ó tó sùn. Iná díẹ̀ a sì máa sún ahọ́n síwájú kí ọ̀nà èémí lè ṣí. Ní ọdún 2014, àjọ FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Inspire, tí ó jẹ́ irú ẹ̀rọ yìí.

Ta ni ó yẹ fún?

Kì í ṣe ìtọ́jú àkọ́kọ́. Àyẹ̀wò oorun ni ó ṣáájú, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ CPAP, tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọ̀nà èémí láti inú ìbòmú. Àwọn tí kò lè fara da CPAP ni dókítà máa ń yẹ̀ wò fún iṣẹ́ abẹ yìí. Ẹni tí ó sanra jù lè má rí àǹfààní rẹ̀.

Ní Johannesburg, ìgékúrò iná ọdún 2022 àti 2023 ni àwọn tí ń lo CPAP lára. Bí àìsí iná ni ìṣòro yín, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bátìrì fún CPAP, kì í ṣe iṣẹ́ abẹ. Ẹ má ṣe dá CPAP dúró láìsọ fún dókítà yín.