Òdòdó Elégédé Tí Ń Rẹ̀ Dànù

Ẹni tí ó bá gbin elégédé sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Ìfọ́n tàbí Ìlobùú nígbà òjò àkọ́rọ̀ lè rí i pé àwọn òdòdó ìṣáájú ń rẹ̀ dànù láìso. Àwọn mìíràn a ní ayé ni ó ṣe é, wọn a sì fa ìtàkùn náà tu. Àdánù gbáà ni! Akọ ni ọ̀pọ̀ òdòdó ìṣáájú. Abo ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọmọ elégédé kékeré tí ó wà nídìí abo ni a fi ń dá a mọ̀.

Oyin ni ó ń gbé lẹ́búlẹ́bú akọ lọ sára abo ní òwúrọ̀, nítorí òdòdó náà a ti padé kí ọ̀sán tó pọ́n. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fín oògùn kòkòrò sí i ní àkókò yìí. Bí oyin bá wọ́n, kí a já òdòdó akọ, kí a fi àárín rẹ̀ ra àárín abo.

Ẹni tí ó fẹ́ èso kò gbọdọ̀ já gbogbo ọ̀mùnú rẹ̀ sè ní gbọ̀rọ̀. Bí èékánná kò bá wọ èèpo elégédé mọ́, ó gbó. Kí a gé e pẹ̀lú díẹ̀ lára ìtàkùn, kí ó má baà tètè rà. Èyí tí ó bá korò lẹ́nu, kí a dà á nù, nítorí oró wà nínú rẹ̀ tí sísè kò lè pa.