Ológbò Alágídí Inú Ọjà: Bí A Ṣe Ń Mú Un Wọlé

Ọ̀rọ̀ ìlera àti ọ̀rọ̀ ọjà kì í sábà pàdé lójú kan, ṣùgbọ́n lónìí wọ́n pàdé lára ológbò. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Látìgbà tí àgbàdo tuntun ti ń wọ àká ni ẹ ti ń pè wá lórí ọ̀rọ̀ eku, àwọn kan nínú yín sì ń béèrè nípa ológbò tí kò ní ilé, tó ń rìn kiri láàárín ìsọ̀, tó ń fín mọ́ èèyàn, àmọ́ tó mọ eku pa. Ṣé èèyàn lè mú irú ẹ̀ wọlé? Ṣé kò ní kó àìsàn ran ọmọ? Ṣé ẹranko ni lóòótọ́, àbí nǹkan mìíràn ni?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ìbéèrè kẹta kúrò lọ́nà, torí pé òun gan-an ló ń kó bá ológbò. Wọ́n ní ojú rẹ̀ ń tàn lóru. Òótọ́ ni, ó ń tàn. Ṣùgbọ́n ẹ mú tọ́ọ̀ṣì lálẹ́ òní, ẹ lọ síbi tí ewúrẹ́ yín wà, ẹ tan án sí i lójú: tiẹ̀ náà á tàn. Ti màlúù náà á tàn. Ohun tó fà á ni pé awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́yìn inú ẹyinjú wọn tó ń ṣe bíi dígí, tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, kí ẹranko náà lè ríran níbi tí ìmọ́lẹ̀ ò pọ̀. Àwa èèyàn ò ní in. Wọ́n tún ní ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́ lóru. Abo tó ń wá akọ ni, bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn nìyẹn. Ẹni tí ò fẹ́ràn ológbò, kò sí ẹni tó ní kó fẹ́ràn rẹ̀ dandan, àmọ́ kó má sọ ọ́ lókò pa nítorí ojú tó ń tàn, nígbà tí ewúrẹ́ tirẹ̀ ń jẹ èèpo iṣu lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú irú ojú kan náà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìwà rẹ̀. Kí ló dé tí ológbò kan á máa wá jókòó sí yín lẹ́sẹ̀, tí òmíràn á sì máa na èékánná? Apá kan jẹ́ àbímọ́. Ṣùgbọ́n apá tó pọ̀ wà nínú ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó kọ́kọ́ lò láyé. Láti ọ̀sẹ̀ kejì títí dé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ keje lẹ́yìn tí wọ́n bí i, ọmọ ológbò ń kọ́ ohun tó léwu àti ohun tí kò léwu. Èyí tí ọwọ́ èèyàn ń kàn lójoojúmọ́ lásìkò yẹn á gbà pé ará ilé ni wá. Èyí tí ìyá rẹ̀ bí sábẹ́ pákó ìsọ̀ aláta, tó jẹ́ pé òkò àti omi nìkan ló rí gbà lọ́wọ́ èèyàn, á gbà pé ọ̀tá ni wá. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo kọ́ kí n tó dé ìdí rédíò, mo sì mọ irú ọmọ tí ẹ bá gbé ọwọ́ sókè láti fi ẹfun kọ nǹkan, tí òun á ti bo orí. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Ohun tó ti rí ló ń sá fún.

Nínú àwọn tó ń rìn kiri lọ́jà, oríṣi méjì ló wà. Èyí tó ti bá èèyàn gbé rí, tó sọnù tàbí tí wọ́n já jù sílẹ̀, máa ń ké sí èèyàn, ó ń na ìrù sókè ṣánṣán tó bá ń bọ̀, ó sì lè wo èèyàn lójú. Èyí tí kò bá èèyàn gbé rí, kì í ké sí wa, ẹ̀gbẹ́ ògiri ló ń gbà, a ò sì lè sún mọ́ ọn. Ti àkọ́kọ́ rọrùn, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ á ti bọ̀ sípò. Ti èkejì lè gba oṣù, ó sì lè má di ológbò orí ẹsẹ̀ láéláé. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó máa ṣọ́ àká lẹ ń wá, ìyẹn ò burú.

Ìyá kan tó ń ta àgbàdo àti ẹ̀wà sọ ti ológbò rẹ̀ fún wa. Ológbò náà wọ àká rẹ̀ nígbà òjò, etí kan ti ya, ó sì kọ̀, kò lọ mọ́. Àwọn ọmọ ilé sọ ọ́ ní Máfọwọ́kànmí. Ajá aládùúgbò ò lè gba iwájú àká kọjá mọ́. Eku dín kù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, ọmọ-ọmọ ìyá náà, ọmọ ọdún méje, lọ fà á ní ìrù nígbà tó ń jẹun. Ó ya ọmọ lọ́wọ́, ó sì gé e jẹ. Bàbá ọmọ ní kí wọ́n pa á kíá. Ìyá ọmọ sì tún lóyún, àwọn èèyàn ní ológbò á ba oyún jẹ́.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí, torí ẹ̀mí wà nínú ẹ̀. Ohun tí ìyá àgbà yẹn kọ́kọ́ ṣe ló tọ́: ó mú ọmọ lọ sídìí omi, ó fi ọṣẹ fọ ojú egbò. Ìṣẹ́jú 15 gbáko ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí omi máa ṣàn lé e. Kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ata, kì í ṣe irun ẹranko tí wọ́n sun. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn, lọ́jọ́ náà gan-an. Àìsàn dìgbòlugi kì í ṣe ti ajá nìkan. Ológbò ń ní in, ó sì lè kó o ran èèyàn. Ó lè gba ọ̀sẹ̀, ó lè gba oṣù, kí àmì tó yọ lára ẹni tó kó o. Tí àmì bá ti yọ, kò sí oògùn tó ń wò ó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ikú ló ń tẹ̀ lé e. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún kí àmì tó yọ ló ń gba èèyàn là. Abẹ́rẹ́ náà kì í ṣe nǹkan àná: oṣù keje ọdún 1885 ni Louis Pasteur kọ́kọ́ lo irú rẹ̀ ní Paris fún Joseph Meister, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ajá gé jẹ, ọmọ náà sì yè.

Kí ló wá dé tí mo fi ní kí wọ́n má pa ológbò náà? Nítorí pé òun gan-an ni ẹlẹ́rìí. Ológbò tàbí ajá tí dìgbòlugi ti wà nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó gé èèyàn jẹ, kì í kọjá ọjọ́ mẹ́wàá kó tó ṣàìsàn tàbí kó kú. Nítorí náà, ẹ tì í mọ́ ibi kan, ẹ máa fún un lóúnjẹ, ẹ máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Tí ẹ bá pa á, tí ẹ sin ín, kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tó wà lára rẹ̀. Àmọ́ ẹ má dúró de ọjọ́ kẹwàá kí ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ o! Kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Dókítà ló máa sọ bóyá ó máa gba gbogbo rẹ̀. Máfọwọ́kànmí pé ọjọ́ mẹ́wàá láìṣe é ní nǹkan kan, agídí rẹ̀ ò sì dín rárá. Ìyẹn náà jẹ́ ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀: ológbò tó ti ń lágídí láti ọjọ́ tó dé yàtọ̀ sí èyí tí ìwà rẹ̀ yí padà lójijì, tó ń dà itọ́, tí kò lè gbé oúnjẹ mì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Irú èyí, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ pe dókítà ẹranko.

Ti aboyún ńkọ́? Àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní toxoplasmose, àwọn ìyá kan ti gbọ́ orúkọ yẹn nígbà tí wọ́n ń gbẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ó lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá lóòótọ́. Inú ìgbẹ́ ológbò ni ẹyin kòkòrò rẹ̀ ń gbà jáde, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ò tíì lè ràn án. Ó ń gba ọjọ́ kan sí márùn-ún kí ẹyin náà tó gbó. Nítorí náà, kí ẹlòmíràn nínú ilé máa kó ìgbẹ́ rẹ̀ dànù lójoojúmọ́, kì í ṣe aboyún. Kí aboyún fọ ọwọ́ tó bá ti oko tàbí ibi yanrìn dé. Kó sì rántí pé ẹran tí kò jinná àti ẹ̀fọ́ tí wọn ò fọ̀ dáadáa náà ń kó o ran èèyàn. Ẹni tó lé ológbò lọ, tó wá jókòó ti tchatchanga tí inú rẹ̀ ṣì pupa, kò tíì dáàbò bo ara rẹ̀.

Ó yá, báwo la ṣe ń mú un wọlé? Ẹ má gbá a mú. Ẹ wá yàrá kékeré kan tàbí igun àká tó ṣe é tì, ẹ gbé páálí kan síbẹ̀ kó lè rí ibi sá sí, ẹ gbé omi sí i, ẹ da yanrìn sínú abọ́ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kó lè máa yàgbẹ́ sí i, kí abọ́ náà jìnnà sí oúnjẹ. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni kó lò níbẹ̀. Ẹ máa gbé oúnjẹ lọ lákòókò kan náà lójoojúmọ́, kó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo lá máa gbé e lọ, kí ẹni náà jókòó sílẹ̀ díẹ̀, kó máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kó má tẹjú mọ́ ọn. Ojú títẹ̀ mọ́ ọn, ìjà ni lọ́dọ̀ tiwọn. Tó bá wò yín, tó pajú dé díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ pajú dé díẹ̀díẹ̀. Ó dà bí eré, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tó bá fi ara nù yín lẹ́sẹ̀ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ tó na ọwọ́, orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni kí ẹ fọwọ́ pa, kì í ṣe ikùn. Tó bá ń ju ìrù síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí etí rẹ̀ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, ó ń sọ fún yín pé ó tó. Kí ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní àmì méjèèjì yẹn, ọ̀pọ̀ ìgéjẹ á dópin.

Ti oúnjẹ: àwọn àgbà kan gbà pé ebi ló ń mú ológbò pa eku. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ológbò tó yó ń dọdẹ, ara tó le ló sì nílò fún un. Ẹran ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹ̀kọ tàbí gààrí nìkan á sọ ọ́ di aláìsàn. Orí ẹja, ìfun adìyẹ tí wọ́n sè, ìwọ̀nyí dáa. Wàrà máa ń ṣu ọ̀pọ̀ ológbò tó ti dàgbà nínú. Àlùbọ́sà ò dáa fún un. Paracetamol tí àwa ń lò fún orí fífọ́, májèlé ni fún ológbò, hóró kan ṣoṣo lè pa á. Ẹ má sì fi oògùn yọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣe fún ajá sí i lára. Àwọn kan nínú wọn ń pa ológbò.

Èyí tó tún ń pa á lọ́jà wa ni oògùn eku. Oríṣi kan wà tí kì í pa eku lójú ẹsẹ̀. Ó ń gba ọjọ́ mélòó kan, eku náà á máa rìn gbéregbère, ológbò á kì í mọ́lẹ̀, á jẹ ẹ́, òun náà á máa ṣẹ̀jẹ̀ sínú. Ẹ ò lè ní ológbò kí ẹ tún máa da oògùn sílẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan.

Ẹ má sì gbé gbogbo iṣẹ́ lé ológbò lórí. Àwọn ọmọ eku àti eku kéékèèké ló ń pa jù. Òkété àti èkúté ńlá lè dójú kọ ọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, ibà Lassa bẹ́ sílẹ̀ ní apá Tchaourou, lókè Sabe níbẹ̀ yẹn, ó sì mú ẹ̀mí èèyàn lọ. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku tó kan oúnjẹ wa ni ọ̀kan lára ọ̀nà tí ibà náà ń gbà wọlé. Kòròfo tó ní ìdérí, àpò tí a gbé sórí pákó tí kò kan ilẹ̀, gààrí tí a ò sá sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ìwọ̀nyí ò ṣe é fi ológbò dípò.

Lákòótán ọ̀rọ̀ ìbísí: oyún ológbò kò ju nǹkan bí ọjọ́ 65 lọ, ó sì lè bí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Tí ẹ bá ní abo kan lónìí, kó tó di ọdún tó ń bọ̀ ẹ lè ní agbo. Ẹ bi dókítà ẹranko nípa iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ mọ́. Akọ tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá náà ń dín ìjà àti rírìn kiri kù, ìyẹn sì ń dín egbò àti àìsàn kù. Níbẹ̀ náà ni wọ́n á ti fún un ní oògùn aràn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, èyí tí ọmọ ológbò lè gbà láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Kí ẹ béèrè ìgbà tó yẹ kó tún un gbà, kí wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì fún yín.

Ẹnì kan béèrè bí òun á ṣe gbé e débẹ̀ lórí zémidjan. Agbọ̀n tó ní ìdérí ni, ẹ tẹ́ aṣọ ògbólógbòó tó ti sùn sí rí sínú rẹ̀, ẹ so ìdérí pa dáadáa, ẹ fi aṣọ bo agbọ̀n kó má máa rí ọ̀nà. Ẹ má dì í sínú ọ̀rá, kò ní rí èémí mí. Ẹ má sì fún un lóúnjẹ kí ẹ tó gbéra, kó má bì sí yín lára. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, iye owó ẹ̀wà la máa sọ̀rọ̀ lé lórí.