Bí Bọ́ọ̀lù Inú Gbọ̀ngàn Ṣe Ń Wá Olólùfẹ́

Pápá tí àwọn ọmọ yín ti ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà ooru ti di yìnyín, bàtà bọ́ọ̀lù sì ti wọ abẹ́ ibùsùn. Ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé bọ́ọ̀lù parí nìyẹn, àfi èyí tí bàbá ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n ní àárọ̀ Sátidé kí wọ́n tó gbé ọmọ wá sí kíláàsì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Níhìn-ín ní Maryland, ìgbà òtútù gan-an ni bọ́ọ̀lù inú gbọ̀ngàn ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe eré ọmọdé. Àwọn tó ń gbá a ń gbowó lórí rẹ̀. Baltimore Blast ni ẹgbẹ́ tó wà nítòsí wa, gbọ̀ngàn ìṣeré Yunifásítì Towson ni wọ́n sì ti ń gbá a.

Mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí bí bọ́ọ̀lù yìí ṣe ń wá olólùfẹ́, bí ó ṣe ń rí wọn, àti bí ó ṣe máa ń pàdánù wọn. Ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ẹni tó bá ń gbìyànjú láti mú kí ọmọ fẹ́ràn ohun kan. Àwa olùkọ́ èdè wà nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń gbá a. Pápá họ́kì ni wọ́n tẹ́ koríko oníke lé. Gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 200, ìbú rẹ̀ tó 85. Ògiri yí i ká. Bọ́ọ̀lù tó bá lu ògiri kò jáde, ńṣe ni yóò ta padà sínú eré. Ẹni mẹ́fà ló ń gbá a fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, aṣọ́lé sì wà lára wọn. Abala mẹ́rin ni eré náà ní, ìṣẹ́jú 15 ni abala kọ̀ọ̀kan. Wọ́n lè pààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù nígbàkígbà láìdá eré dúró, nítorí eré sísá ibẹ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn mí. Ẹni tó bá ṣẹ̀, tí rẹfirí fi káàdì búlúù hàn án, yóò lọ jókòó síta fún ìṣẹ́jú méjì, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì máa gbá a láìpé. Gólù mẹ́wàá tàbí méjìlá nínú ìdíje kan kì í ṣe ohun ìyanu.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Nàìjíríà, ẹ ti mọ irú rẹ̀ rí. Mọ́ńkì-póòsì àdúgbò ni: ojúlé kékeré, ilẹ̀ tóóró, ògiri fẹ́ǹsì onílé tó ń dá bọ́ọ̀lù padà, àti àwọn òǹwòran tó sún mọ́ eré débi pé wọ́n ń gbọ́ bí agbábọ́ọ̀lù ṣe ń mí. Ìsúnmọ́ra yẹn ni agbára bọ́ọ̀lù inú gbọ̀ngàn.

Ní oṣù kejì ọdún 1974, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ogun Sófíẹ́ètì wá láti Moscow, wọ́n bá Philadelphia Atoms gbá irú bọ́ọ̀lù yìí nínú gbọ̀ngàn kan ní Philadelphia. Ó lé ní 11,000 èèyàn tó wá wò ó. Ó hàn gbangba pé òǹwòran wà. Earl Foreman àti Ed Tepper dá líìgì kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Major Indoor Soccer League, ìdíje rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1978. Ẹgbẹ́ mẹ́fà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà máa ń ṣàròyé pé gólù bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá kéré jù. Líìgì tuntun yìí fún wọn ní gólù, ó sì fi àríyá kún un: wọ́n á pa iná gbọ̀ngàn, èéfín á máa rú, orin á máa dún, wọ́n á sì máa pe àwọn agbábọ́ọ̀lù jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Èèyàn sì rọ́ wá. Ní 1981, ẹgbẹ́ kan kó láti San Francisco lọ sí Kansas City, ó sì di Kansas City Comets. Kí ọdún mẹ́ta tó pé, iye òǹwòran wọn lé ní 15,000 ní ìdíje kọ̀ọ̀kan. Ní Baltimore tiwa níhìn-ín, Colts, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí ìlú fẹ́ràn, kó ẹrù wọn ní òru ọjọ́ kan ní oṣù kẹta 1984, wọ́n sì bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀ lọ sí Indianapolis. Ọ̀fọ̀ ńlá ló jẹ́ fún ìlú. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà, Blast gba ife ẹ̀yẹ líìgì, ará Baltimore sì tún rí ohun tí wọ́n lè hó fún.

Ọmọ Yorùbá kò gbẹ́yìn nínú ìtàn yìí. Èkó ni wọ́n ti bí Ade Coker ní 1954. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún West Ham ní London, ó rékọjá òkun wá sí Amẹ́ríkà, ó gbá fún Minnesota Kicks, ó sì gbá fún San Diego Sockers, ẹgbẹ́ tó gba ife inú gbọ̀ngàn mẹ́wàá láàárín 1982 sí 1992. Ní 1984, ó wọ aṣọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn.

Bí gbogbo rẹ̀ ti dùn tó, kò pẹ́. Comets kógbá wọlé ní 1991. Ní 1992, líìgì náà fúnra rẹ̀ túká. Owó oṣù tí àwọn olówó ẹgbẹ́ ń san láti fi fa agbábọ́ọ̀lù mọ́ra pọ̀ ju owó tó ń wọlé lẹ́nu ọ̀nà lọ, owó tẹlifíṣọ̀n kò sì tó láti dí àlàfo náà. Ariwo àti èéfín lè mú èèyàn wá lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Bí kò bá sí ohun mìíràn tó so wọ́n mọ́ ẹgbẹ́, ọjọ́ tí ariwo mìíràn bá dún níbòmíràn ni wọn yóò kó lọ síbẹ̀.

Síbẹ̀, àwọn kan kò kú. Ọdún 1984 ni wọ́n dá Milwaukee Wave sílẹ̀, ó sì wà títí dòní. Ní Baltimore, ẹgbẹ́ mìíràn dìde ní 1992 kan náà, Spirit ni wọ́n pè é, ó sì gba orúkọ Blast padà ní 1998. Ó gba ife ẹ̀yẹ líìgì ní 2016, 2017 àti 2018, léraléra. Ní 2017, ó kúrò nínú gbọ̀ngàn ńlá àárín ìlú, ó lọ sí Towson, níbi tí àyè ìjókòó kò ti tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Àwọn kan lè sọ pé ìrẹ̀sílẹ̀ ni. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ilé kékeré tó kún sàn ju ilé ńlá tó ṣófo lọ, ọmọ tó bá sì jókòó nínú ilé tó kún yóò fẹ́ padà wá.

Kí ni àwọn ẹgbẹ́ tó ń pẹ́ ń ṣe? Wọ́n ń pe ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé wá gbá a lórí pápá gan-an nígbà ìsinmi. Wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ọ̀pọ̀ èèyàn lápapọ̀ ní ẹ̀dínwó. Lẹ́yìn eré, àwọn agbábọ́ọ̀lù kì í tètè wọlé lọ, wọ́n á dúró bọ ọmọ lọ́wọ́, wọ́n á fọwọ́ sí aṣọ àti bọ́ọ̀lù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló tún ń kọ́ ọmọdé ní bọ́ọ̀lù, nítorí owó líìgì yìí kò tó ti ẹgbẹ́ ńláńlá. Ọmọ tó bá ti mọ agbábọ́ọ̀lù lórúkọ kò ní jẹ́ kí ìyá rẹ̀ sinmi títí tí wọn yóò fi padà lọ. Bó bá sì lọ, ìyá, bàbá àti àbúrò ń tẹ̀ lé e. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Mo ti gbọ́ tí àwọn bàbá kan ń sọ pé, “Ṣé bọ́ọ̀lù gidi nìyẹn?” Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ má bínú. Kò sí ẹni tó ní kí ẹ fi Arsenal tàbí Chelsea sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pa tẹlifíṣọ̀n yín, Arsenal kò ní mọ̀. Gbọ̀ngàn kékeré ní Towson yóò mọ̀ bí ìjókòó mẹ́rin bá ṣófo. Ẹgbẹ́ yìí nílò yín, àwọn ọmọ yín náà sì nílò ẹgbẹ́ kan ní ìlú tí wọ́n ń gbé, tí wọ́n lè fojú ara wọn rí. Bí a kò bá lọ, ẹgbẹ́ yìí lè bá ti Kansas City àtijọ́ lọ, a ó sì máa sọ ìtàn rẹ̀ bíi ti ọ̀fọ̀ Colts.

Ohun tí a ń ṣe ní Sátidé nìyí náà. Èdè Yorùbá ń wá olólùfẹ́ láàárín àwọn ọmọ wa. A lè pariwo pé èdè wa dára, a lè wọ aṣọ òkè lọ́jọ́ àjọ̀dún kí a lu ìlù. Ọmọ yóò wá lọ́jọ́ náà. Ohun tí yóò mú un padà wá ni pé ẹnì kan mọ orúkọ rẹ̀, pé a jẹ́ kí ó gbá bọ́ọ̀lù náà fúnra rẹ̀, pé bó ti ń ṣì í sọ kò sí ẹni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí bàbá bá ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ní Yorùbá nínú mọ́tò, iṣẹ́ wa ní kíláàsì ti dé ìdajì.

Nítorí náà, iṣẹ́ wà fún yín. Ẹ̀yin òbí, ẹ kó ọmọ lọ wo ìdíje kan kí ìgbà òtútù tó parí. Bí ìdílé bíi mélòó bá jọ lọ, ẹ béèrè ẹ̀dínwó. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ hó ní Yorùbá: “Gbá a sílé!” “Lo ògiri!” “Aṣọ́lé, dìde!” Lẹ́yìn náà, kí olúkúlùkù kọ gbólóhùn mẹ́wàá wá fún mi: ta ló jẹ gólù, ta ni rẹfirí lé síta, agbábọ́ọ̀lù wo ló bọ̀ yín lọ́wọ́, kí ni orúkọ rẹ̀. A ó kà wọ́n sókè ní kíláàsì. Mo ń retí yín.